Bí Fíìmù Napoléon Ṣe Padà Sójú Aṣọ Ńlá ní Oakland

Ní ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2012, iná kú nínú gbọ̀ngàn sinimá Paramount ní ìlú Oakland, ìpínlẹ̀ California, fíìmù kan tó ti pé ọdún 85 sì bẹ̀rẹ̀. Aago 1:30 ni wọ́n dá. Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá kí ó tó parí. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni fíìmù náà fúnra rẹ̀ gbà. Ìsinmi mẹ́ta ló wà láàárín, ọ̀kan nínú wọn sì gùn tó kí èèyàn jáde lọ jẹun alẹ́ kó tún padà wá jókòó. Ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n fi í hàn: Sátidé àti Sọ́ńdè yẹn, àti Sátidé àti Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Wọ́n ti sọ ọ́ nínú ìpolówó pé kò sí ètò láti gbé e lọ sí ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, Oakland ni yóò wá.

Fíìmù náà ni Napoléon, iṣẹ́ ọwọ́ Abel Gance. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ ni San Francisco Silent Film Festival, àjọ tí ń ṣe àjọ̀dún fíìmù aláìfọhùn. Ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí a bá ti rí fíìmù àtijọ́ kan, tí a nù ún, tí a tún un ṣe, tí a tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá tútù, iṣẹ́ ti parí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Fíìmù tí ẹni tó ṣe é ti fọkàn sí èrò rẹpẹtẹ àti ògiri gbọọrọ, bí kò bá tíì padà sí irú ibẹ̀, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Ìṣẹ̀lẹ̀ Oakland fi èyí hàn ju èyíkéyìí tí mo mọ̀ lọ, nítorí pé ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé kí ó tó ṣeé ṣe: fíìmù, ilé, àti orin. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tẹ́lẹ̀.

Ohun tí Gance ṣe

Ọmọ Paris ni Gance, ọdún 1889 ni wọ́n bí i. Kì í ṣe fíìmù kan ló fẹ́ ṣe lórí ìgbésí ayé Napoléon Bonaparte, mẹ́fà ló ní lọ́kàn. Owó tán lórí ẹyọ kan, ẹyọ kan náà ni ayé sì rí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Bonaparte wà lọ́mọ ilé-ìwé ní Brienne, ó sì dúró níbi tó ti ń kó ọmọ ogun lọ sí Ítálì ní 1796. Albert Dieudonné ló ṣe Bonaparte. Gance fúnra rẹ̀ ṣe Saint-Just, Antonin Artaud sì ṣe Marat, àwọn méjì lára àwọn olóṣèlú tó gbajúmọ̀ nígbà ìyípadà ìjọba Faransé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù náà ní 1925, wọ́n sì kọ́kọ́ fi hàn ní gbọ̀ngàn Opéra ti Paris lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1927.

Láyé ìgbà yẹn, kámẹ́rà máa ń dúró sójú kan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta ni, àwọn òṣèré á máa rìn níwájú rẹ̀. Gance kò jẹ́ kí tirẹ̀ sinmi. Ó dè é mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin, ó gbé e lé èèyàn láyà, ó so ó rọ̀ kó lè máa fì. Ibi kan wà tí Bonaparte ń sá kúrò ní erékùṣù Corsica nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, tó fi àsíá Faransé ta ìgbòkun. Ìjì dé. Bí ìgbì ti ń gbé ọkọ̀ náà sókè, tó ń jù ú sílẹ̀, ni fíìmù ń gé lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ní Paris, níbi tí àwọn aṣòfin ti ń pariwo mọ́ra wọn. Kámẹ́rà ń fì lọ fì bọ̀ lórí wọn láti òkè, títí ojú ẹni tí ń wò ó kò fi ní mọ èyí tó jẹ́ òkun àti èyí tó jẹ́ èèyàn mọ́. Níbòmíràn, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi ìrọ̀rí bá ara wọn jà nínú yàrá ìsùn, ìyẹ́ ẹyẹ ń fò káàkiri, àwòrán náà sì pín sí mẹ́sàn-án lójú aṣọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù ló fi parí rẹ̀. Gance to kámẹ́rà mẹ́ta lé ara wọn lórí, èyí tí André Debrie bá a ṣe, ọ̀kan kọjú sí apá òsì, ọ̀kan sí àárín, ọ̀kan sí apá ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi hàn, ẹ̀rọ mẹ́ta ni yóò máa tan àwòrán sórí aṣọ mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà mìíràn, àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á so pọ̀ di ilẹ̀ gbọọrọ kan, ọmọ ogun á sì máa wọ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Nígbà mìíràn, ojú Bonaparte á wà láàárín, ẹṣin àti ọmọ ogun á wà lápá méjèèjì. Polyvision ni wọ́n ń pè é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ Hollywood tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwòrán gbọọrọ fún aráyé bí ohun tuntun.

Ohun tó pa fíìmù náà kò jìnnà. Oṣù Kẹwàá ọdún 1927 kan náà ni fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń kọrin jáde ní Amẹ́ríkà. Kí ọdún méjì tó pé, kò sí oníṣòwò tó fẹ́ fíìmù aláìfọhùn mọ́, ká má tíì wá sọ èyí tó ń béèrè aṣọ mẹ́ta, ẹ̀rọ mẹ́ta àti ọ̀kẹ́sítírà odindi. Ilé-iṣẹ́ MGM tó ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún Amẹ́ríkà gé e kúrú, ó yọ aṣọ mẹ́ta náà kúrò, àwọn èèyàn wò ó, kò yé wọn, wọ́n gbàgbé rẹ̀. Gance fúnra rẹ̀ tún un gé ní 1935 láti fi ohùn sí i, ó sì tún fọwọ́ kàn án ní 1971. Ní gbogbo ìgbà tó bá gé e, díẹ̀ lára ti àkọ́kọ́ ló ń bá a lọ. Fíìmù ayé ìgbà yẹn sì tún máa ń gbiná kíá, bí kò bá gbiná, á jẹrà nínú agolo.

Ọmọ ilé-ìwé kan

Ẹni tó kó o jọ padà ni Kevin Brownlow, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1938. Ọmọ ilé-ìwé ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń wo fíìmù nílé, irú èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 9.5, ó sì máa ń gba fíìmù lọ́wọ́ àwọn tí ń yá èèyàn. Ní nǹkan bí 1954, ó dá fíìmù kan tí kò wù ú padà, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ fún un. Ìdì méjì kékeré láti inú Napoléon ni. Ó tan án sójú ògiri nílé wọn, ó sì ya ọmọ náà lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ti lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ogún ọdún ó lé kí òun tó rí i.

Láti ọjọ́ náà, ó ń wá èyí tó kù bí ẹni ń ṣa ọkà tó dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó rí díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkójọ, ó rí díẹ̀ ní ilé àkójọ fíìmù ní orílẹ̀-èdè kan, ó rí òmíràn ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó pàdé Gance lójúkojú nígbà tó ṣì wà ní ilé-ìwé, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Ní 1979, wọ́n fi ohun tó ti kó jọ hàn níta gbangba nínú òtútù ní Telluride, ìlú orí òkè kan ní Colorado. Ẹni ọdún 89 ni Gance, ó sì wò ó láti ojú fèrèsé yàrá òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1980, ó kan London, ní sinimá Empire ní Leicester Square, pẹ̀lú orin tuntun tí Carl Davis kọ, tí òun fúnra rẹ̀ sì darí. Davis kò ní ju oṣù díẹ̀ lọ láti fi kọ orin fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí márùn-ún nígbà yẹn, nítorí náà ó mú lára orin Beethoven wọ inú rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé Beethoven ti kọ́kọ́ fi orin síńfónì rẹ̀ tí à ń pè ní Eroica yẹ́ Bonaparte sí kí inú rẹ̀ tó bàjẹ́ sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí nǹkan kan níbí. Títí dé 1980, gbogbo iṣẹ́ Brownlow, iṣẹ́ àkójọ ni. Ó pọ̀, ó sì níyì. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù náà bọ́ sójú aṣọ ńlá, tí ọ̀kẹ́sítírà jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀, ni orúkọ Gance tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu àwọn tí kì í ka ìwé ìtàn sinimá.

Radio City, àti ìdènà tó tẹ̀lé e

Ní oṣù Kíní ọdún 1981, Francis Ford Coppola, olùdarí fíìmù ọmọ Amẹ́ríkà, gbé Napoléon lọ sí Radio City Music Hall ní New York, ilé ńlá tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 1932, tó gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn. Wọ́n ti fẹ́ ti ilé náà pa ní 1978, àwọn ará ìlú ló jà fún un. Bàbá Coppola, Carmine, ló kọ orin, òun náà ló sì darí ọ̀kẹ́sítírà. Èrò kún ilé náà bámúbámú. Gance kò lè rìnrìn-àjò mọ́, ó ti pé ẹni ọdún 91. Wọ́n pè é lórí tẹlifóònù kó lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó sì ti gbọ́ o.

Oore ńlá ni Coppola ṣe, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Owó rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó fi hàn kúrú, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, ó sì ń sáré. Iye àwòrán tó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 24, bí ti fíìmù tó ń sọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú Napoléon, 20 ló bá a mu. Brownlow ní tirẹ̀ kò dúró. Ó ń rí àwọn ibi tuntun, ó ń tò wọ́n sí àyè wọn, nígbà tó sì di 2000, tirẹ̀ ti tó wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Fún ti 2000 yìí, wọ́n rì fíìmù bọ inú aró bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́, kí àwọ̀ rẹ̀ lè rí bí Gance ti fẹ́ ẹ.

Ẹ̀tọ́ láti fi Napoléon hàn ní Amẹ́ríkà sì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Coppola, pẹ̀lú orin bàbá rẹ̀. Nítorí náà, èyí tó gùn jù, tí orin Davis wà lórí rẹ̀, kò lè wọ ilẹ̀ náà. Ọmọ New York ni Davis o, Brooklyn ni wọ́n ti bí i, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn ń gbé. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí orin tó mú orúkọ rẹ̀ jáde jù lórí ọ̀rọ̀ fíìmù aláìfọhùn kò fi dún nílẹ̀ tí wọ́n ti bí i. Ohun tí àjọ San Francisco ṣe tó ṣòro jù, kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe owó. Òun ni pé wọ́n mú gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn jókòó títí wọ́n fi gbà: American Zoetrope ti Coppola, Film Preserve ti Robert A. Harris tó ti wà nínú iṣẹ́ 1981 náà, Photoplay Productions ti Brownlow àti Patrick Stanbury, àti British Film Institute, àjọ fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀bùn Oscar ọlọ́lá tí wọ́n fún Brownlow ní 2010 náà rọ ọ̀nà díẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn.

Ilé tí àwọn olórin rà

Wàyí o, ilé wo ni wọ́n máa gbé e sí? Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí ń kọ̀wé lórí ọjọ́ yìí tí wọ́n kàn sọ pé Paramount rẹwà, wọ́n sì kọjá lọ. Ìtàn ilé náà ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Timothy Pflueger, ẹni tó yàwòrán sinimá Castro ti San Francisco ní 1922, ló yàwòrán Paramount. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dojú dé. Lójú pópó, ògiri alámọ̀ dídán kan ga sókè fíofío, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi okùn darí àwọn ọmọ eré wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọwọ́ wọn. Bí èèyàn bá wọlé, àwọ̀ ewé ni ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ láti inú òrùlé ìloro, wúrà sì ni ara ògiri gbọ̀ngàn, gbígbẹ́ ni wọ́n sì gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Ilé bẹ́ẹ̀ kò rọrùn bọ́. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi kọ́kọ́ tì í nítorí pé owó tó ń wọlé kò tó èyí tó ń jáde. Wọ́n tún ṣí i, ó ṣiṣẹ́ títí tẹlifíṣọ̀n fi kó àwọn èèyàn sílé, wọ́n sì tì í ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970.

Ẹni tó rà á kì í ṣe oníṣòwò sinimá. Ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sítírà ìlú náà, Oakland Symphony, ni. Wọ́n ń wá ilé tí wọ́n á ti máa lu ohun èlò wọn, wọ́n sì rí i pé títún sinimá àtijọ́ ṣe yóò dín owó kù ju kíkọ́ ilé tuntun lọ. Wọ́n rà á ní 1972. Wọ́n tún un ṣe bó ti wà ní 1931, títí kan kápẹ́ẹ̀tì àti àga, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973. Ní 1975, wọ́n fà á lé ìjọba ìlú lọ́wọ́ ní dọ́là 1. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ ohun ìtàn tí gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ẹgbẹ́ Oakland Symphony fúnra rẹ̀ wó ní 1986, gbèsè ló wó o. Àwọn olórin rẹ̀ wà lára àwọn tó para pọ̀ di Oakland East Bay Symphony ní 1988, àwọn yìí náà ló sì jókòó síwájú aṣọ sinimá ní 2012 láti lu orin Davis.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ká ní kì í ṣe àwọn olórin ló ra ilé yẹn, bóyá ni ì bá tún ní àyè tí ọ̀kẹ́sítírà odindi lè jókòó sí láìdí ẹnikẹ́ni lójú. Ọ̀pọ̀ sinimá ńlá ayé ìgbà náà, gígé ni wọ́n gé wọn sí yàrá mẹ́ta mẹ́rin láti máa fi fíìmù oríṣiríṣi hàn lẹ́ẹ̀kan náà, àyè olórin sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń dí pa. Ti Paramount kò rí bẹ́ẹ̀. Àga 3,040 ló wà nínú rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti tọ́jú àṣà wíwo fíìmù àtijọ́ níbẹ̀: ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, dùùrù Wurlitzer ló ń ṣáájú, fíìmù ìròyìn àtijọ́ àti kàtúùnù á tẹ̀lé e, wọ́n á ta eré oríire tí wọ́n ń pè ní Dec-O-Win, kí fíìmù gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìlú náà mọ ohun tí à ń pè ní alẹ́ sinimá.

Ohun tí iṣẹ́ náà gbà

Fíìmù mílímítà 35 ni wọ́n lò. Nínú ẹsẹ̀ bàtà kan irú fíìmù bẹ́ẹ̀, àwòrán 16 ló wà. Bí 20 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan fún wákàtí márùn-ún ààbọ̀, fíìmù tó kọjá nínú ẹ̀rọ á lé ní kìlómítà 7, láìka ti ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lópin. Ẹ̀rọ sinimá lásán kò sì lè ṣe é, nítorí 24 ni wọ́n ti kàn án mọ́. Bí wọ́n bá fi 24 ṣe é, nǹkan bí wákàtí kan ni yóò ti sọnù lára rẹ̀, ogun á di eré ọmọdé, Bonaparte á sì máa rìn kọ́tọ́kọ́tọ́. Ẹ̀rọ tí a lè yí ìyára rẹ̀ padà ni wọ́n nílò.

Mẹ́ta ni wọ́n tún nílò. Wọ́n gbé ẹ̀rọ mẹ́ta kalẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ní pàtàkì fún iṣẹ́ náà, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè máa rìn déédéé. Iṣẹ́ tó gbẹgẹ́ nìyẹn. Bí ọ̀kan bá fi àwòrán díẹ̀ péré ṣáájú èkejì, ọmọ ogun tí ń rìn kọjá láti aṣọ òsì sí ti àárín á gé sí méjì níbi tí aṣọ méjèèjì ti pàdé. Bí iná ọ̀kan bá mọ́lẹ̀ ju ti èkejì, ilẹ̀ Ítálì á di àkísà mẹ́ta tí a rán pọ̀.

Ní ti orin, ó ní ibi kan tó ń dẹ́rù bà mí nígbàkígbà tí mo bá ronú sí i. Nínú fíìmù náà, wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọ̀pọ̀ èrò ní La Marseillaise, tó di orin orílẹ̀-èdè Faransé, nínú ilé ẹgbẹ́ òṣèlú Cordeliers ní Paris. Fíìmù aláìfọhùn ni o. Ẹnu ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ń là, ojú wọn ń tàn, òógùn ń bọ́, ohùn kankan kò jáde. Ohùn tí à ń retí, inú kòtò olórin ló ti gbọ́dọ̀ wá, ó sì gbọ́dọ̀ bá ẹnu tó ń mì lókè mu. Olùdarí kò lè sọ fún fíìmù pé kó dúró de òun. Davis, ẹni ọdún 75, ni yóò máa gbójú sókè wo aṣọ, tí yóò máa na ọ̀pá fún àwọn tó lé ní ogójì níwájú rẹ̀, kí wọ́n lè débẹ̀ lásìkò gan-an tí ẹnu bá là. Bó bá ṣe é fún wákàtí kan, iṣẹ́ ni. Márùn-ún ààbọ̀ ló ṣe ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ogún ìṣẹ́jú ìparí

Láti aago 1:30, aṣọ kan ṣoṣo ni gbogbo èrò ti ń wò, ó wà láàárín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba bíi ti gbogbo fíìmù ayé ìgbà yẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní fura sí aṣọ títa tó wà lápá òsì àti ọ̀tún. Bonaparte dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun tí ebi ń pa, tí bàtà wọn ti já, lẹ́nu ibodè Ítálì. Nígbà yẹn ni aṣọ títa náà ṣí lápá méjèèjì, ẹ̀rọ kejì àti ẹ̀kẹta tanná, òkè, àgọ́ àti ọmọ ogun sì tú jáde sí ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn méjèèjì. Àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ sọ pé èrò pariwo. Kò yà mí lẹ́nu. Wákàtí márùn-ún ni Gance ti fi múra ojú wọn sílẹ̀ fún ìwọ̀n kan, kó tó sọ ìwọ̀n náà di mẹ́ta lójijì.

Ìgbà tó yá, kò tún dúró sí àwòrán gbọọrọ lásán. Idì tó ti ń bá Bonaparte rìn láti ìgbà èwe rẹ̀ na ìyẹ́ láàárín. Odò, máàpù, ojú Joséphine ìyàwó rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ogun, gbogbo wọn ń wọlé ń jáde lọ́nà tí ojú kan kò lè bá. Àwọ̀ wá bọ́ sórí wọn: apá òsì di búlúù, àárín wà ní funfun, apá ọ̀tún di pupa. Àsíá Faransé ni gbogbo ògiri náà dà, àwọn ọmọ ogun sì ń rìn nínú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun èlò tó wà nínú kòtò olórin lábẹ́ wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀

Ìmúra fún ọjọ́ mẹ́rin yẹn pọ̀ débi pé èèyàn lè bi í léèrè bóyá ó tọ́. Kí ló dé tí wọn kò ṣe ẹ̀dà kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí gbogbo ayé rí i? Wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, British Film Institute gbé èyí tí wọ́n ti sọ di ti kọ̀ǹpútà jáde, ó wọ sinimá, ó wọ orí díìsì, orin Davis wà lórí rẹ̀. Davis kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ní 2024, Cinémathèque française, ilé àkójọ fíìmù ti Faransé, náà gbé tiwọn jáde, èyí tí Georges Mourier fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Nǹkan bí wákàtí méje ni. Wọ́n kọ́kọ́ fi apá kìíní rẹ̀ hàn ní àjọ̀dún fíìmù Cannes ní oṣù Karùn-ún, kí wọ́n tó fi odindi rẹ̀ hàn ní Paris ní oṣù Keje, pẹ̀lú orin tí Simon Cloquet-Lafollye tò jọ. Inú mi dùn sí méjèèjì. Ọmọ ilé-ìwé tó bá wà níbikíbi lè rí Napoléon báyìí láìdúró de ẹni tí ń yá èèyàn ní fíìmù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n òde òní, àwòrán ẹlẹ́yọ kan ti Gance máa ń kún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ààyè dúdú á kù ní ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú ìparí bá dé, mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọ inú fífẹ̀ kan náà. Gíga àwòrán á já wálẹ̀ sí ohun tí kò tó ìdajì bó ti wà tẹ́lẹ̀, dúdú á gba òkè àti ìsàlẹ̀. Níbi tí Gance ti ní kó dàgbà gan-an ló ti ń kéré. Bákan náà ló máa ń rí ní sinimá tí aṣọ rẹ̀ kò bá fẹ̀ tó, bó ti wù kí ẹ̀rọ ibẹ̀ dára tó. Kọ̀ǹpútà ti gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀rọ mẹ́ta tí ń rìn pọ̀, nítorí àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọ wà nínú fáìlì kan. Kò gbà wá lọ́wọ́ ògiri. Nítorí náà, ilé sinimá àtijọ́ tó bá fẹ́ gbé Napoléon, kó kọ́kọ́ wọn bí iwájú gbọ̀ngàn rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó láti ògiri dé ògiri, kó pín in sí mẹ́ta, kó jẹ́ pé ìdá kan yẹn ni yóò fi aṣọ àárín ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì bo ìdá méjì tó kù mọ́lẹ̀ títí di ìgbà tí Bonaparte bá dé ẹnu ibodè Ítálì.